Ìrìnàjò Ọ̀nà Etíkun: Ìgbáralé Ọlọ́hun Kò Ní Kí A Má Múra

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn bá ti ń súnmọ́lé, àwọn kan nínú yín á kó ara wọn jọ, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wa ọkọ̀ láti Èkó, kí àwọn tọ etíkun lọ títí àwọn yóò fi dé Abidjan. Ohun tí ó dára ni. Ọ̀pọ̀ ibi ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ nínú Al-Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á sì wòye. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìwé wo ni ọkọ̀ wọn ní, ta ni olórí wọn, níbo ni wọn yóò sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni, “Áfáà, a ti gbára lé Ọlọ́hun.” Èsì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò pé.

Nínú Suratul-Baqarah, āyà 197, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn tí ń lọ sí Hájì pé kí wọ́n pèsè èsè, Ó sì fi kún un pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni èsè tí ó dára jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó di ìdajì kejì mú, tí ó ju ìdajì àkọ́kọ́ nù. Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí tí àṣẹ náà fi sọ̀ kalẹ̀. Ibn Abbas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ṣàlàyé, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ti gbà á wá, pé àwọn ará Yemen máa ń wá sí Hájì láì mú oúnjẹ kankan lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn ni olùgbáralé Ọlọ́hun. Bí wọ́n bá wá dé Mẹ́kà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ jẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe Ọlọ́hun ni wọ́n gbára lé mọ́ nígbà náà, àpò ẹlòmíràn ni. Ọkùnrin kan sì bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́hun ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ànábì ní kí ó so ó ná.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ti ń múra ìrìnàjò etíkun, ẹ wo Hijira. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fi ara balẹ̀ wò ó pé ọ̀nà etí Òkun Pupa ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti Abu Bakr gbà lọ sí Mẹ̀dínà ní 622. Ọ̀nà tí ó lé ní 400 kìlómítà ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Abu Bakr ti fi ewé igi bọ́ ràkúnmí méjì ní ìmúrasílẹ̀, nígbà tí àṣẹ kò tíì dé. Wọ́n háyà afinimọ̀nà kan, Abdullahi ọmọ Urayqit. Ẹ̀sìn àwọn Kùráíṣì ni ọkùnrin yìí ń ṣe nígbà náà, kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà dunjú, wọ́n sì rí i pé ó ṣe é fọkàn tán. Àríwá ni Mẹ̀dínà wà sí Mẹ́kà, síbẹ̀ ìhà gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ kọrí sí, sínú ihò àpáta Thawr, wọ́n sì lo òru mẹ́ta níbẹ̀. Abdullahi ọmọ Abu Bakr ń gbọ́ ìròyìn ìlú lọ́sàn-án, ó ń gbé e tọ̀ wọ́n wá lálẹ́. Amir ọmọ Fuhayrah ń da ẹran wá kí wọ́n lè rí wàrà mu. Asma ọmọ Abu Bakr, ọ̀dọ́bìnrin, ni ó ya àmùrè ara rẹ̀ láti fi di ẹnu àpò oúnjẹ wọn.

Ìgbà tí gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ tán, tí àwọn ọ̀tá sì dé ẹnu ihò náà tí àyà Abu Bakr ń já, ni Ànábì wá fi í lọ́kàn balẹ̀ pé Ọlọ́hun wà pẹ̀lú àwọn. Suratut-Tawbah, āyà 40, mẹ́nu bà á. Ẹni tí Jibril ń tọ̀ wá ni ó háyà afinimọ̀nà. Èwo ni ti àwa tí a kò tilẹ̀ béèrè ìlú tí ó kàn?

Ẹ wá jẹ́ kí á wo ọ̀nà tiwa. Láti Èkó dé Abidjan jẹ́ bí 1,000 kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni yóò sì kàn: Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gáánà àti Côte d’Ivoire. Ẹnubodè mẹ́rin ni ẹ óò là kọjá: Sèmè lẹ́yìn Àgbádárìgì, Hillacondji láàrin Benin àti Tógò, Aflao tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan Lomé, àti Elubo tí ó kọjú sí Noé. Èkó sí Cotonou tó 120 kìlómítà, Cotonou sí Lomé tó 150, Lomé sí Accra súnmọ́ 200, ìyókù tí ó lé ní 500 ni Accra sí Abidjan. Ẹni tí ó bá wo 1,000 kìlómítà, tí ó ní òun yóò wà á tán lọ́jọ́ kan àti òru kan, kò ka ẹnubodè mọ́ ọn, kò sì ka ìrun mọ́ ọn. Ọjọ́ márùn-ún ni mo máa ń sọ fún àwọn tí ó bá bi mí: kí ẹ sùn ní Porto-Novo tàbí Cotonou, ní Lomé, ní Accra, ní Takoradi, kí ẹ tó wọ Abidjan. Ọ̀sán ni kí ẹ máa rìn. Ànábì kìlọ̀ fún ẹni tí ń dá nìkan rìn lóru, bẹ́ẹ̀ sì ni àìsùn awakọ̀ ń pa ènìyàn.

Mo ní ìdí pàtàkì tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìmúra yìí. Ẹni tí kò múra, ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fara gbọgbẹ́, kí àpò rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwé yẹ̀ wò. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láàyè láti wọ èkejì láì gba físà fún 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ti pé. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá wá dé ẹnubodè láì ní pásípọ́ọ̀tù, kí ni yóò ṣe? Yóò parọ́ ibi tí ó ń lọ, tàbí kí ó ki owó bọ ìwé pélébé kan kí ó nà án sí aṣọ́bodè. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ti ṣẹ́bi lé ẹni tí ń fún ni ní rìbá àti ẹni tí ń gbà á. Lóòótọ́, àwọn onímímọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi agbára gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá: wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé, ẹ̀tọ́ wo ni ó ń rà? Ó ra ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò dúró ní ọ̀nà iwájú tí yóò máa ka àdúà ìrìnàjò.

Nítorí náà, pásípọ́ọ̀tù kọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí a bá gún abẹ́rẹ́ náà ni káàdì tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá wá a ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò ti pẹ́ jù. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá gún un ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí i bí ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ní Grand-Bassam tí ẹ óò kọjá kí ẹ tó wọ Abidjan, ibà yìí kan náà jà ní 1899, ó sì pa àwọn Faransé tí ó wà níbẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé olú ìlú wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí Bingerville. Ọkọ̀ pẹ̀lú ní ìwé tirẹ̀: ìwé ẹni tí ó ni ín, ìwé ìwakọ̀, àti ìwé adójútòfò tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí ní 1982. Bí ọkọ̀ yín bá gbá ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú àjèjì, ìwé náà ni ó máa jẹ́ kí ẹni tí ó fara pa rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ẹ̀tọ́ ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ ẹni nìyẹn, Ọlọ́hun kì í sì í fi orí ẹ̀tọ́ ẹ̀dá jì ni bí ẹni tí ó ni ín kò bá yọ̀ǹda.

Àwọn àgbà wa mọ ohun tí àìníwèé lè dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà etíkun yìí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gáánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gáánà. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ rìn fún ìgbádùn yìí ni wọ́n tò sí pẹ̀lú ẹrù lórí, tí ẹnubodè tì mọ́ wọn. Báàgì olówó pọ́ọ́kú tí à ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ. Bí ẹ bá dé ẹnubodè tí ẹ rí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé tí ó ń sunkún, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ẹ tún béèrè ìròyìn kí ẹ tó kúrò nílé, bí Abdullahi ti ń gbé ìròyìn wá sí ihò Thawr. Oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, ìparí 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ti Gáánà, tí wọ́n tì nítorí àrùn Kòrónà ní oṣù kẹta 2020, oṣù kẹta 2022 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tí kò béèrè lè dé ibẹ̀ kí ó bá géètì.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Náírà ni ẹ óò mú kúrò nílé, séfà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, sídì ní Gáánà, séfà náà ni ẹ óò tún bá ní Côte d’Ivoire. Ẹ má ṣe ṣẹ́ gbogbo séfà yín sí sídì ní Aflao, nítorí ẹ óò tún nílò rẹ̀ ní Noé. Èyí jẹ́ ọgbọ́n ọjà lásán. Òfin Sharia ni pé kí ṣíṣẹ́ owó jẹ́ ọwọ́ sí ọwọ́, lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti là á kalẹ̀ fún wúrà àti fàdákà. Bí aṣẹ́wó etí bodè bá ní, “Ẹ mú ti yín wá ná, ẹ padà wá gba ìyókù lọ́la,” kì í ṣe pé ó lè sá lọ nìkan ni, ríbà ni ó ń pè yín sí.

Kí ẹ yan olórí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní bí ènìyàn mẹ́ta bá jáde fún ìrìnàjò, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe olórí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé-kéwú máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dé ibí yìí, torí olúkúlùkù ti mọ ẹni tí ó fẹ́ jẹ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí olórí ń ṣe. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán 300 ọmọ ogun lọ sí etíkun, ó fi Abu Ubaydah ṣe olórí wọn. Bí oúnjẹ ti ń tán lọ, Abu Ubaydah gba gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ kálukú, ó kó o sí ojú kan, ó ń pín in díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di èso dàbínù kan fún ẹnì kan lóòjọ́. Nígbà tí èyí náà tán ni wọ́n dé etí omi, tí wọ́n bá ẹja ńlá kan tí òkun gbé jáde, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn ìtàn ẹja yẹn. Kò sí ẹni tí ń rántí èso kan lóòjọ́. Tiyín pẹ̀lú, kí owó epo àti ti oúnjẹ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnì kan tí ó gbọ́ Faransé wà láàrin yín. Ní ti oúnjẹ, ẹja pọ̀ ní gbogbo etíkun yìí, hàláàlì sì ni, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹran tí ó wà nínú ọbẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ọtí líle ni sodabi tí wọ́n ń tà ní Benin àti Tógò àti akpeteshie ti Gáánà.

Ìrun kò ní àwáwí. Bí ẹ bá ti kúrò láàrin ilé ìlú yín, tí ìrìnàjò náà sì tó bí 80 kìlómítà, ẹ lè dín Àyìlá, Àlàásárì àti Ìṣáì kù sí rákà méjì méjì. Màgàríbì kò dín, Àsùbáà kò dín. Umar bi Ànábì léèrè nípa rẹ̀, ó sì fèsì pé sàráà tí Ọlọ́hun ṣe fún wa ni, kí á gba sàráà Rẹ̀. Ní mádíhàbì Imaamu Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, bí ẹ bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin pé ní ìlú kan, ẹ óò máa kí i pé. Ní ti àlùwàlá, ọkùnrin kan tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi béèrè bóyá òun lè fi omi òkun ṣe é, Ànábì sì fi yé e pé omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì hàláàlì. Tani yóò wá sọ pé òun kò rí omi lójú ọ̀nà yìí?

Aago ni ó máa ń da ènìyàn rú. Nàìjíríà àti Benin ń lo aago kan náà. Ní Hillacondji ẹ óò dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Oòrùn kò dá tirẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Abidjan, Màgàríbì á wọlé ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú ti Èkó lójú aago, ẹni tí ó gbààwẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí. Kíbúlà kò yí padà púpọ̀ ní gbogbo ọ̀nà náà: láàrin ìlà-oòrùn àti àríwá ni, ó súnmọ́ ìlà-oòrùn jù. Níbi tí ọ̀nà bá ti lọ tààrà sí ìwọ̀-oòrùn, kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ò ń lọ, jẹ́ kí òkun wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ, kí o wá yí díẹ̀ sí ìhà ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò ni ẹ wọ̀, inú gàréèjì ni kí ẹ ti bá awakọ̀ ṣàdéhùn ibi tí yóò ti dúró fún ìrun, kí ẹ tó sanwó. Bí owó bá ti wọ àpò rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ó kù.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, mo mọ̀ pé ó ń wù yín láti lọ, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ẹ má ríran. Ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ ni kí obìnrin rin ìrìnàjò ọjọ́ kan àti òru kan láì sí mọ̀háráámù pẹ̀lú rẹ̀. Kí ìwọ tètè sọ fún bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tàbí ọkọ rẹ, kí òun náà lè gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ sì máa ń sọ pé àyè kò sí, ẹ rántí ẹni tí ó ya àmùrè rẹ̀.

Ohun tí ẹ óò rí pọ̀. Ní Porto-Novo, ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1912, tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Brazil gan-an, nítorí pé àwọn ọmọ ẹni tí ó ti oko ẹrú Brazil dé ni wọ́n. Ní Ouidah àti Elmina, ẹ dúró díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n kó gba etíkun yìí lọ, àwọn Yorùbá sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn Mùsùlùmí tí ó dìde ní Bahia ní oṣù Ramadan, ní oṣù kìíní 1835. Àwọn yẹn kò rí àyè di èsè kankan. Ẹ ṣe àdúà fún wọn. Àdúà arìnrìn-àjò wà lára èyí tí Ọlọ́hun máa ń gbà.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ san gbèsè tí ó wà lọ́rùn yín, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnì kan nílé sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ìyọ̀ǹda àwọn òbí yín, kí ẹ sì kí ìrun ìsítíkáárà. Bí iṣẹ́ tí ó gbé yín lọ bá ti parí, ẹ tètè máa bọ̀, nítorí Ànábì ka ìrìnàjò sí ara ìyà, ó ń fi oorun àti oúnjẹ du ènìyàn. Ẹ ránṣẹ́ sílé ṣáájú, kí ẹ má ṣe já lu àwọn ará ilé lóru. Mọ́ṣáláṣí ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń kọ́kọ́ yà sí bí ó bá dé, yóò kí rákà méjì, yóò sì jókòó kí àwọn ènìyàn lè rí i.